Ìpáàrà Lára Ọkọ̀ Àtijọ́: Ohun Tí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Lè Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tún Ṣe

Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú yín máa retí ọ̀rọ̀ ìyànjú nígbàkúùgbà tí àlùfáà bá kọ̀wé sínú ìwé ìrántí. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò jìnnà sí ìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ páànù àti òòlù àti ọ̀dà ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ìpáàrà ṣe ń jẹ ara ọkọ̀ tó ti dàgbà, irú èyí tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, àti irú èyí tí kò gbọdọ̀ dá nìkan fọwọ́ kàn.

Ìdí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti mọ̀. Owó ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti olùkọ́. Ọkọ̀ tí a ti ń lò láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ọdún sẹ́yìn, òun náà ni a ṣì ń lò. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé ọmọ wá sílé ìwé láàárọ̀, òun náà ló sì ń gbé e padà lọ́sàn-án. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́, ọkọ̀ á dúró, gbogbo wa á sì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìpáàrà bá ń jẹ abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ kì í dúró. Á máa sáré lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, títí di ọjọ́ tí ohun tó yẹ kó dáàbò bo ọmọ inú rẹ̀ kò ní lágbára mọ́ láti dáàbò bò ó. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí olúkúlùkù wa mọ díẹ̀ nípa rẹ̀, ìbáà ṣe pé a fẹ́ fọwọ́ ara wa ṣe é, ìbáà sì ṣe pé oníṣẹ́ ọwọ́ la fẹ́ gbé e fún.

Ohun tí ìpáàrà jẹ́

Irin tí a fi ń ṣe ọkọ̀ kì í wà nínú ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irin tó mọ́. Inú òkúta pupa ni ó wà, iná ńlá ni wọ́n sì fi ń yọ́ ọ kó tó di irin. Láti ọjọ́ náà ni irin ti ń wá ọ̀nà àtipadà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Ohun méjì ló ń ràn án lọ́wọ́: omi, àti ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá sí, irin kò ní dógùn-ún. Ẹ ó rí i nígbà náà pé ẹwà nìkan kọ́ ni ọ̀dà wà fún. Aṣọ tí kò jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ kan irin ni. Bí iyọ̀ bá sì wọ inú omi náà, iṣẹ́ ìbàjẹ́ á yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bàbà àti alumíníọ̀mù náà a máa yí àwọ̀ padà bí afẹ́fẹ́ bá kàn wọ́n, ṣùgbọ́n awọ tín-ínrín tó ń yọ lára wọn a lẹ̀ mọ́ wọn típẹ́típẹ́, a sì dáàbò bo èyí tó kù lábẹ́. Ìpáàrà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wú, ó ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ ní ìlọ́po, ó sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà wọlé sí i. Bí ó ṣe ń wú ni ó ń ti ọ̀dà sókè. Èyí ni àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí ẹ ń rí lára ọkọ̀, bí ẹni pé ooru sú sí i lára. Kókó tó tó hóró ẹ̀wà lókè lè fẹ̀ tó owó kọ́bọ̀ lábẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn páànù níbi tí ojú kò tó ni ìpáàrà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa yọjú síta, ó ti jìnnà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí tiwa ti ń wá

Àwa tí a wà nílé ìwé ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn kò ní gbàgbé ọdún 1975. Ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ 504 pọ̀, ọdún náà sì ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to Beetle pọ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. A ṣì ń rí méjèèjì lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn wọn, wọ́n sì dára fún ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé eegun wọn kò jọra. Ìjàpá ní ilẹ̀ irin lábẹ́, tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì de ara ọkọ̀ mọ́. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà, bí omi bátìrì bá sì ń dà síbẹ̀, ásíìdì inú rẹ̀ á jẹ ilẹ̀ náà lu. 504 ní tirẹ̀ kò ní ṣásí tó dá dúró. Páànù ara rẹ̀ tí wọ́n jó mọ́ra wọn ni eegun rẹ̀, bí ó ti rí pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kékeré tí a ń gùn lónìí. Nítorí náà, bí ìpáàrà bá jẹ páànù gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn 504, eegun ọkọ̀ náà ni ó ń jẹ.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni tòkunbọ̀ gbòde. Ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ní àríwá Yúróòpù, ní Kánádà, tàbí ní àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù ní Amẹ́ríkà ti rin ojú ọ̀nà tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà á wọ gbogbo kọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà lè máa dán bí awò kí abẹ́ sì ti jẹra. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tún wá ń gbé ní Badagry tàbí Lẹ́kkí, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń gbé iyọ̀ wá, ìbàjẹ́ náà á máa tẹ̀síwájú. Ní ti àwa tí a jìnnà sí òkun, ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́, ewé máńgòrò tó ń bọ́ sínú ihò ìsàlẹ̀ wíńsíkírínì, àti ẹrẹ̀ tó ń gbẹ mọ́ inú fẹ́ńdà, ni ọ̀tá wa. Wọn a máa di omi mọ́ ara irin fún ọjọ́ pípẹ́ lẹ́yìn tí òjò ti dá.

Àyẹ̀wò ṣáájú òòlù

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, tó sì ní ìmọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ fi òpó irin tó lágbára gbé e ró, kí ẹ sì fi òkúta di àwọn táyà tó wà nílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ẹ nílò fún àyẹ̀wò: tọ́ọ̀ṣì, síkúrúdíráfà tí kò mú, àti òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ wé kó má baà ha ọ̀dà.

Òòfà a máa lẹ̀ mọ́ irin, kì í lẹ̀ mọ́ bọ́dìfílà. Bí ẹ bá ń fi òòfà rin ara ilẹ̀kùn, tó sì ṣàdédé já bọ́ níbì kan, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti bo nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Kìkì pé àwọn ọkọ̀ kan wà tí alumíníọ̀mù ni páànù wọn, bí ọ̀pọ̀ páànù Land Rover àtijọ́, òòfà kò sì ní lẹ̀ mọ́ ìyẹn. Síkúrúdíráfà ni ẹ ó fi rọra gún ibi tí ẹ bá fura sí. Irin tó dára á dún ganran, kò ní tẹ̀. Èyí tó ti jẹra á dún bí páálí, á sì lu. Àwọn ibi tó yẹ kí ẹ wò ni etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, inú etí fẹ́ńdà níbi tí táyà ti ń ta ẹrẹ̀ sí, ilẹ̀ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ bùútù, etí wíńsíkírínì, abẹ́ bátìrì, àti páànù gígùn tó wà lábẹ́ àwọn ilẹ̀kùn.

Ìpele mẹ́ta ni ìpáàrà ní. Àkọ́kọ́ ni ti ojú: ó pupa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sáńdípépà gbo ó, irin tó ń dán á yọ, ojú rẹ̀ á sì tẹ́jú. Ìkejì ni ti ẹlẹ́kòtò: irin ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti di kòtòkòtò. Ìkẹta ni ti ihò: irin ti tán, tàbí ó ti fẹ́lẹ́ bí ewé.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ló ṣe pàtàkì jù lọ: ṣé awọ ọkọ̀ ni, àbí eegun rẹ̀? Awọ ni fẹ́ńdà, ojú òde ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìdérí bùútù. Eegun ni páànù gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ọkọ̀, ṣásí, àwọn òpó tó gbé òrùlé ró, ibi tí sípíríǹgì àti ṣọ́kù ti so mọ́ ara ọkọ̀, ibi tí wọ́n de ìjókòó mọ́, àti ibi tí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́. Bí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, eegun wọ̀nyí ló ń gba agbára náà dípò èèyàn inú rẹ̀. Bẹ́líìtì tó dára gan-an kò wúlò fún ọmọ bí irin tí wọ́n dè é mọ́ bá ti di ìyẹ̀fun pupa. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: awọ ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá rí ihò lára eegun, ọ̀dọ̀ jórinjórin tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ dunjú ni kí ẹ gbé e lọ, irin tuntun tó nípọn bí ti àkọ́kọ́ ni kí ó sì fi sí i. Bí ìbàjẹ́ náà bá ti pọ̀ ju ohun tó ṣeé tún ṣe lọ, kí ọkọ̀ náà sinmi.

Irinṣẹ́ àti ìdáàbòbò

Fún iṣẹ́ awọ, irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò pọ̀: búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà, sáńdípépà onípele-ìpele (80, 180, 320 àti 600; bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ó ń kúnná sí i), pákó pẹlẹbẹ tí ẹ ó wé sáńdípépà mọ́, òòlù kékeré, rọ́bà pẹlẹbẹ tí a fi ń fa bọ́dìfílà, téèpù àti ìwé ìròyìn àtijọ́ láti bo ibi tí ẹ kò fẹ́ kun, práímà, ọ̀dà, àti tínà.

Ẹ wọ jígí tó bo ojú dáadáa, nítorí okùn wáyà a máa já kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì, a sì máa fò. Ẹ lo ìbòmú tó ń sẹ́ eruku, nítorí ọ̀dà àwọn ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn ní òjé nínú, òjé sì jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣeré nítòsí, kí ẹ sì fi omi rẹ eruku náà kí ẹ tó gbá a kúrò nílẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ṣe dandan, torí etí irin tó dógùn-ún mú bí abẹ.

Iṣẹ́ náà ní ìpele-ìpele

Ẹ jẹ́ kí a mú ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà 504 ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ìpáàrà ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí ihò kékeré kan sì wà ní àárín rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì tó iṣẹ́ yìí fún ẹni tí kò bá kánjú.

Ìkíní, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ gbogbo fẹ́ńdà náà, inú àti òde, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi tínà díẹ̀ nu ọ̀rá kúrò. Bí ẹ bá fi sáńdípépà gbo ibi tí ọ̀rá ṣì wà, ńṣe ni ẹ ń fi ọ̀rá pa irin lára, ọ̀dà kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìkejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà àti sáńdípépà 80 ha ọ̀dà àti ìpáàrà kúrò. Ẹ má ṣe dúró níbi tí kókó parí sí. Ẹ tẹ̀síwájú ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí i ní gbogbo àyíká, títí ẹ ó fi kan irin tó ń dán yíká-yíká. Ibi tí àwọn aláìnísùúrù ti ń kùnà nìyí: ìwọ̀n ìpáàrà díẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà tuntun ni yóò tún hù jáde lẹ́yìn òjò ọdún kan.

Ìkẹta, bí kòtò wẹ́wẹ́ bá ṣẹ́kù tí sáńdípépà kò dé inú wọn, ẹ lo oògùn ìpáàrà tó ní ásíìdì phosphoric nínú. Oògùn yìí a máa sọ ìpáàrà tó kù di ohun dúdú tí kò lè ràn mọ́. Ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ lórí àkókò tó yẹ kó lò, àti bóyá kí a fi omi ṣàn án tàbí kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìpáàrà ni oògùn ń wò, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà nínú kòtò tín-tìn-tín, ó ń bá a débẹ̀. Ìpáàrà tó nípọn, ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ni oògùn rẹ̀.

Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ ihò. Ẹ gé irin tó ti fẹ́lẹ́ kúrò títí dé ibi tí irin ti nípọn. Ihò tó tó ẹyọ owó lè wá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín, nítorí kò sí ẹni tó ń rán àmúlẹ̀mọ́ mọ́ aṣọ tó ti gbó. Ẹ fi páálí gé àwòrán ihò náà, kí ẹ sì fi páálí náà wọn irin tí ẹ ó gé. Páànù ara ọkọ̀ sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 0.7 sí 1, nítorí náà ẹ lè gé èyí tí ẹ nílò lára òrùlé tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí wọ́n ti pa tì. Páànù òrùlé ilé kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ó fẹ́lẹ́, síńkì tó wà lára rẹ̀ sì ń yọ èéfín tó ń fa ibà sí ẹni tó bá ń jó o. Ẹ gé igun irin náà ní ìrísí róbótó, nítorí igun ṣóṣóró ni ó ń kọ́kọ́ ṣí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ bá jórinjórin. Bí ẹ bá ti gé ihò náà, tí ẹ ti fọ̀ ọ́ mọ́, tí irin àmúlẹ̀mọ́ sì bá a mu rẹ́gí, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní ju díẹ̀ lọ, owó rẹ̀ á sì dínkù. Ẹ dúró tì í. Kó yọ orí bátìrì kúrò, kó yọ ohun tó lè gbiná kúrò lẹ́yìn páànù, kí ẹnìkan sì dúró ní òdìkejì pẹ̀lú omi àti yanrìn. Kò gbọdọ̀ jó irin nítòsí táǹkì epo láìkọ́kọ́ tú táǹkì náà kúrò lára ọkọ̀. Kó máa fi iná kán ibì kan, kó sún síwájú, kó jẹ́ kí ó tutù, kó tó padà. Bí ó bá jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan, ooru á fa páànù náà wọ́, á sì dà bí ìgbì omi.

Àwọn kan ń fi aṣọ fáíbà àti oje rẹ̀ dí ihò. Lára awọ nìkan, ó lè gbé e fún ìgbà díẹ̀, bí ẹ kò bá tíì rí owó jórinjórin. Ṣùgbọ́n kì í di irin. Omi á pẹ́ ká tó mọ̀ pé ó ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ kun irin náà ní práímà epoxy lọ́jọ́ kan náà. Nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, irin tó wà níhòòhò lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ kun inú páànù náà pẹ̀lú, kì í ṣe òde nìkan.

Ìkẹfà, lẹ́yìn tí práímà bá ti le, ẹ fi sáńdípépà 180 gbo ó díẹ̀, kí ẹ sì fi bọ́dìfílà dí ibi tó tẹ̀. Hádínà tí ẹ ó pò mọ́ ọn kò pọ̀: nǹkan bíi gíráàmù 2 sí gíráàmù 100 bọ́dìfílà. Bí ó bá pọ̀ jù, á sán, á sì yí àwọ̀ ọ̀dà padà lẹ́yìn ọ̀la. Bí ó bá kéré jù, kò ní le láéláé. Ìwọ̀n tí ẹ lè lò tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni kí ẹ máa pò. Ẹ fà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òòlù ni kí ẹ fi tún ìrísí páànù ṣe, kí bọ́dìfílà kàn tẹ́ ojú rẹ̀, kí ó má ṣe nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Bí ó bá ti le, ẹ wé sáńdípépà 80 mọ́ pákó pẹlẹbẹ, ẹ gbo ó, kí ẹ sì fi 180 parí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìka lásán gbo ó, nítorí ìka á wa kòtò. Ẹ má sì ṣe fi omi gbo ó, nítorí bọ́dìfílà a máa mu omi bíi kànrìnkàn, omi náà á sì dúró sí ìdí irin.

Ìkeje, ẹ fín práímà mìíràn lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ fín ọ̀dà dúdú díẹ̀ lé e bí ẹni wọ́n ìyẹ̀fun, kí ẹ sì fi sáńdípépà 320 gbo ó. Ibi tí dúdú bá ti kọ̀ tí kò lọ, kòtò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà síbẹ̀. Ẹ fi 600 parí rẹ̀.

Ìkẹjọ ni ọ̀dà. Nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ a máa wà lára páànù kékeré kan tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń po ọ̀dà. Ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín wọn. Bí ó bá nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ṣàn bí omijé. Nígbà òjò, ọ̀rinrin a máa mú kí ojú ọ̀dà funfun bí kùrukùru. Nígbà ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá ọjọ́ tí oòrùn ràn níwọ̀nba, tí atẹ́gùn kò sì le, kí ẹ sì fi omi wọ́n ilẹ̀ àyíká. Ní ti ọ̀dà tí a ń po hádínà mọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ní ohun èlò rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìbòmú lásán kò sì tó fún un.

Kí ó má baà padà

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ àti inú fẹ́ńdà, pàápàá bí ẹ bá ń gbé nítòsí òkun. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní ihò kékeré tí omi òjò ń gbà jáde. Ẹ fi igi ìtayín la ihò náà, nítorí bí ó bá dí, ilẹ̀kùn á di agbada omi. Ẹ kó ewé kúrò ní ìsàlẹ̀ wíńsíkírínì. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá tutù, ẹ ká a sókè kó gbẹ, kí ẹ sì wá ibi tí omi ti ń wọlé. Ibikíbi tí òkúta bá ti ta ọ̀dà kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ún kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Fún inú páànù tí ọwọ́ kò dé, epo ìda tí wọ́n ṣe fún inú ara ọkọ̀ dára. Òróró tí a fà jáde láti inú ẹ́ńjìnnì kò yẹ, nítorí ó ti ní ásíìdì àti ìdọ̀tí nínú, ó sì ń ba rọ́bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ méjì kí n tó jókòó

Àkọ́kọ́ kàn ẹni tó ń ta ọkọ̀. Bọ́dìfílà àti ọ̀dà lè sọ ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹra di ohun tó ń dán lójú ọjà. Ẹni tó rà á kò ní mọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì jókòó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí eegun ọkọ̀ rẹ̀ ti kán, kó sọ ọ́ fún ẹni tó ń rà á, kódà bí iye owó rẹ̀ yóò bá wálẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà, kó mú òòfà àti síkúrúdíráfà dání, kó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè kó tó ka owó. Bákan náà ni kí àwọn òbí béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ wọn wá sílé ìwé, ìgbà wo ni ẹnìkan ti wo abẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn.

Èkejì kàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ méjì tún àtẹ́lẹwọ́ páànù kan ṣe kò ní fojú tín-ínrín wo pánẹ́ẹ̀lì-bítà mọ́. Ìmọ̀ ìwọ̀n, ìmọ̀ ooru àti ìmọ̀ kẹ́místírì wà nínú iṣẹ́ náà, ojú tó mú àti ọwọ́ tó ní sùúrù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nílé ẹ̀kọ́ wa, a kọ́ wa ní àwọn ìmọ̀ wọ̀nyí nínú ìwé. Bí ọmọ yín bá ń wo ọkọ̀ yín tó ń béèrè ìdí tí ara rẹ̀ fi ń wú, ẹ má ṣe lé e padà sínú ilé. Ẹ fún un ní ìbòmú àti sáńdípépà kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ eruku ọ̀dà àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kó gbo práímà. Ọ̀pọ̀ ohun ni yóò kọ́ níbẹ̀, àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni pé a kì í fi ọ̀dà bo ohun tí a kò tíì wò sàn.